Ọjọ́ tí àwọn ọmọ kò wojú mi mọ́ nídìí ìṣirò

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, níbi tí òkè Olósùnta ti ń wo gbogbo wa láti òkè wá, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò tètè kíyè sí nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Bí mo bá bi ọmọ ní ìbéèrè tí ó sì dáhùn, kì í wo pátákó, kì í sì í wo ìwé rẹ̀. Ojú mi ni ó máa ń wò. Bí mo bá fajú ro díẹ̀, kíá ni yóò yí ìdáhùn rẹ̀ padà, ìbáà ṣe pé èyí tí ó kọ́kọ́ sọ gan-an ni ó tọ̀nà. Ìwà ọmọlúàbí ni mo kà á sí. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ọmọ tí ó ń wá òtítọ́ ìṣirò lójú tíṣà kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rárá.

Ọmọkùnrin kan ni ó là mí lójú, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Nínú ìdánwò kékeré kan, mo ní kí wọ́n yọ 367 kúrò nínú 1000. Ohun tí ọmọ yìí kọ sílẹ̀ ni 3, lẹ́yìn náà 30, lẹ́yìn náà 600, ó sì kọ 633 sí abẹ́ wọn. Kò to nọ́ńbà kankan lé ara wọn, kò yá mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn. Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n mo fi bíírò pupa fagi lé e, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò fi iṣẹ́ hàn. Nígbà tí mo dá ìwé padà fún un, ó wojú mi, ó ká ìwé náà, ó sì jókòó.

Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ ra gàrí àti ẹ̀wà lọ́dọ̀ ìyá ọmọ náà. Owó ọjà mi jẹ́ náírà 1,350, èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní egbèje ó dín àádọ́ta. Mo fún un ní ẹgbàá. Ìyá náà kò yọ nǹkan kan kúrò nínú nǹkan kan. Ó fi àádọ́ta náírà lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Tíṣà, ẹ gba àádọ́ta, ó di egbèje.” Ó ka ẹgbẹ̀ta tẹ̀ lé e, ó ní, “Ó di ẹgbàá. Ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ayọ̀.” Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Ọ̀nà yìí gan-an ni ọmọ rẹ̀ gbà: ó fi 3 kún 367 kí ó lè di 370, ó fi 30 kún un kí ó lè di 400, ó sì fi 600 parí rẹ̀. Ìṣirò tí a ti ń ṣe lọ́jà láti ayébáyé ni mo fi bíírò pupa fagi lé.

Ẹ tún wo orúkọ owó náà fúnra rẹ̀. Egbèje ó dín àádọ́ta: orúkọ náà ti sọ iye ṣéńjì tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sí ọwọ́ oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú òǹkà wa ṣe rí. Orí ogún ni a gbé e kà, a sì máa ń yọ kúrò nínú èyí tí ó wà níwájú dípò kí a máa fi kún èyí tí ó wà lẹ́yìn nìkan. Bí a bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta, ohun tí a wí ni pé kí a mú ogún mẹ́ta, kí a yọ mẹ́wàá kúrò kí ó di àádọ́ta, kí a sì tún yọ márùn-ún. Láyé owó ẹyọ, àwọn tí ń ka owó a máa fi ọwọ́ fa ẹyọ márùn-ún-márùn-ún títí yóò fi pé ogún. Ogójì ẹyọ a wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn a jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá a sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Nígbà tí mo mú ọ̀rọ̀ yìí wọ kíláàsì, tí mo ní kí wọ́n tú orúkọ 75 palẹ̀ bí ẹni tú ẹrù, ariwo tí ó sọ kò ṣe é fi ẹnu sọ. Màmá mi tí ó ń pe igba ní ugba, gẹ́gẹ́ bí ará Èkìtì gidi, ì bá ti rẹ́rìn-ín gbọ̀ngbọ̀n bí ó bá mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama nìyẹn.

Mo tún ìwé ọmọkùnrin náà máàkì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, fún ìṣirò tí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán wò, tí yóò sì mọ̀ bóyá òun gbà á tàbí òun kò gbà á, láìjẹ́ pé mo sọ fún un.

Èkùrọ́ ni a fi bẹ̀rẹ̀. Èkùrọ́ mọ́kànlélógún ni mo tò sórí tábìlì. Èèyàn méjì ni yóò máa kó o: bí ọ̀kan bá kó tirẹ̀ tán, èkejì a kó. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè kó ẹyọ kan, méjì tàbí mẹ́ta, kò gbọdọ̀ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ ṣàì kó. Ẹni tí ó bá kó èyí tí ó kẹ́yìn ni ó borí. Mo gbà láti bá gbogbo wọn ta á, èmi ni mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo na gbogbo wọn. Wọ́n ní kí n tún un ta, mo tún nà wọ́n. Nígbà tí ó di ìgbà kẹwàá, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Sà, ṣé ẹ lo nǹkan ni?” Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n n kò sọ nǹkan kan. Èyí ni ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ yìí. Tíṣà tí ó mọ ìdáhùn a máa dà bí ẹni tí ikọ́ ń gbé. Ó fẹ́ tú u jáde kí ara lè tù ú, bí ó bá sì ti tú u jáde, ó ti ba ayò náà jẹ́ fún gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ kó èkùrọ́ lọ sí igun kan. Ó tò ó ní mẹ́rin-mẹ́rin, ó sì ku ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ẹyọ kan yìí títí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní, “Sà, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ lónìí.” Ó kó ẹyọ kan, ó fi ogún sílẹ̀ fún mi. Mo kó méjì, ó kó méjì. Mo kó mẹ́ta, ó kó ẹyọ kan. Bí mo bá ṣe kó o tó, òun a kó iye tí yóò jẹ́ kí tèmi àti tirẹ̀ pé mẹ́rin. Ó nà mí, kò sì wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkùrọ́ ni ó ń wò.

Níbí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ó tọ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ní kí a yí òfin padà, kí èèyàn lè kó tó mẹ́rin, wọ́n tún fi ogún sílẹ̀, wọ́n sì tún borí. Mo sọ èkùrọ́ di mẹ́tàlélógún, wọ́n kó mẹ́ta, wọ́n fi ogún sílẹ̀, wọ́n borí. Ni wọ́n bá gbà pé ogún ni ó ní agbára. Èmi ni mo fà á, nítorí pé ogún pín sí mẹ́rin, ó sì pín sí márùn-ún, n kò sì ro ìyẹn tẹ́lẹ̀ kí n tó yan nọ́ńbà. Ìgbà tí a gba kíkó tó márùn-ún láàyè ni ìgbàgbọ́ wọn nínú ogún fọ́, tí wọ́n sì tún padà sídìí títò: nínú mọ́kànlélógún, wọ́n rí i pé méjìdínlógún ni ó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀, nítorí pé mẹ́fà-mẹ́fà ni tọ̀tún-tòsì ń pé báyìí. Lójú tèmi, àṣìṣe mi yẹn kọ́ wọn ju bí ì bá ti kọ́ wọn lọ ká ní mo yan nọ́ńbà dáadáa.

Bàbá kan wá bá mi nítorí èkùrọ́ yìí. Ẹnì kan ti sọ fún un pé ikin Ifá ni mo ń kó fún àwọn ọmọ. Mo ṣàlàyé, ó gbọ́, ṣùgbọ́n kí àlàáfíà lè jọba, òkúta wẹ́wẹ́ ni mo ń lò láti ìgbà náà. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí pé bí a bá yọ ẹ̀sìn kúrò, ìṣirò tí ó wà nínú ọ̀pẹ̀lẹ̀ kì í ṣe kékeré: ìlàjì èso mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dojú dé tàbí kí ó ṣí sílẹ̀, bí a bá sì fi méjì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ nígbà mẹ́jọ, 256 ni a óò rí, iye odù gan-an. Kọ́ínì mẹ́jọ ni mo fi kọ́ wọn, ó sì parí síbẹ̀.

Ayò ọlọ́pọ́n kò ní ìjà nínú, ihò méjìlá àti ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta. Mo sọ fún wọn pé ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit ní ìlú Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yẹ Awari wò, ìyẹn ayò kan tí òfin rẹ̀ jọ tiwa gidigidi. Ọ̀nà 889,063,398,406 tí ọmọ ayò lè gbà wà nínú ọpọ́n ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé bí tọ̀tún-tòsì kò bá ṣi ọmọ ta, ọ̀mì ni yóò jẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní bàbá òun àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

A tún ti ṣe ti ẹni tí ó ní ẹkùn, ewúrẹ́ àti iṣu létí odò, tí ọ̀kan kò gbọdọ̀ jẹ èkejì, tí ọkọ̀ rẹ̀ kò gbà ju ẹyọ kan pẹ̀lú rẹ̀ lọ, tí yóò sì sọdá lẹ́ẹ̀méje. A sì ti ṣe ti nọ́ńbà 1 sí 9 nínú ilé mẹ́sàn-án, tí gbogbo ìlà yóò jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn wọ̀nyí wọ́pọ̀, ẹ̀yin náà ti mọ̀ wọ́n.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan bi mí bóyá èkùrọ́ ni yóò wá nínú ìdánwò WAEC. Ìbéèrè rẹ̀ kò burú. Ní sáà kan, orí méjì nínú ìwé ni n kò rí parí, n kò sì ní àwáwí. Ṣùgbọ́n ohun ìtìjú ni ó jẹ́ fún mi pé ní Èkìtì tiwa, tí a ti ń yangàn pé kò sí agboolé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n, tí Adegoke Olubummo tí wọ́n bí ní Ọ̀rìn-Èkìtì ní 1923 sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Yunifásítì Durham láti 1955, ọmọ ṣì ń gbọ̀n bí wọ́n bá pè é wá sídìí pátákó.

Ọ̀pẹ tí ó wà lẹ́yìn kíláàsì wa ni ó dùn mọ́ mi jù. Mo bi wọ́n pé báwo ni a ṣe lè mọ gíga rẹ̀ láì gùn ún. Lẹ́yìn àríyànjiyàn, wọ́n gbé ọ̀pá tí ó gùn ní mítà kan dúró nínú oòrùn aago mẹ́wàá, òjìji rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80. Wọ́n wọn òjìji ọ̀pẹ, mítà 11 àti sẹ̀ǹtímítà 20. Wọ́n fi òjìji ọ̀pá pín in, wọ́n ní mítà 14 ni ọ̀pẹ náà ga. Bàbá ẹlẹ́mu tí ń dá ẹmu lórí rẹ̀ ń gbọ́ wa. Ó mú igbà rẹ̀, ó di okùn wa mọ́ bẹ́líìtì, ó gùn ún dé ibi tí akèrègbè wà, ó sì ju orí okùn sílẹ̀. Wọ́n fa okùn náà tọ́, wọ́n wọ̀n ọ́n: mítà 11 àti sẹ̀ǹtímítà 90.

Kíláàsì pín sí méjì. Àwọn kan ní okùn ni ó rọ̀, àwọn kan ní ìpín ni kò dára. Ọmọkùnrin 633 ni ó nàka sókè pé imọ̀ ọ̀pẹ ni òjìji náà parí sí, ọrùn ọ̀pẹ sì ni Bàbá dúró sí. Wọ́n wọn òjìji títí dé ọrùn, ó jẹ́ mítà 9. Wọ́n fi 0.8 pín in, ó fún wọn ní 11.25, wọ́n wo okùn, okùn kò gbà. Wọ́n dákẹ́. Ọmọbìnrin èkùrọ́ lọ wo ọ̀pá, ó wọn òjìji rẹ̀ láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó sì pariwo pé sẹ̀ǹtímítà 75 ni ó kù, pé oòrùn kò dúró dè wá. Wọ́n pín in lọ́tun, ó jẹ́ mítà 12.

Bàbá ẹlẹ́mu ti sọ̀kalẹ̀ nígbà náà, ó kọjú sí mi. “Tíṣà, ṣé òótọ́ ni?” Kí n tó la ẹnu, ọmọbìnrin náà ti kúnlẹ̀ kí i, ó sì ti fi orí okùn lé e lọ́wọ́ kí ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Àwọn yòókù kò dúró gbọ́. Wọ́n ti gbé ọ̀pá lọ sídìí ìrókò.