Tó bá rẹ̀ ẹ́, á wáṣẹ́

Ìyá Sàdíà ò mọ̀ pé mò ń gbọ́ wọn. Ẹni tó wá ra àkàrà ló béèrè pé kí ló ń ké lókè yẹn, wọ́n ní "Àǹtí yunifásítì yẹn ni, fèrè ló ń fọn. Tó bá rẹ̀ ẹ́, á wáṣẹ́."

Yunifásítì àti wáṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà o! Ká ní wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ǹ bá ti gbàgbé ẹ̀, àmọ́ wọn ò rẹ́rìn-ín, àánú ló wà lóhùn wọn, àánú gidi, bíi pé wọ́n ń ṣàdúrà fún mi.

Lónìí: mo kọ́ ọmọ láàárọ̀, gosiló Kubwa, kò síná. Ó tán.

Tó bá rẹ̀ ẹ́. Ta ló sọ fún wọn pé kò tíì rẹ̀ mí? Àti pé nínú oboe, fèrè tí mò ń fọn yìí, kì í ṣe pé èémí ń tán ló ń dáni lágara, èémí ló ń pọ̀ jù. Ojú ríìdì, koríko tí à ń fi sẹ́nu fọn ọ́n, há, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń gbà á kọjá, ìyókù á dúró sáyà títí á fi ṣá, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u dànù kóo tó lè mí òmíì sínú. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ṣoṣo tó kù (àwọn yòókù ti lọ sídìí saksofóònù, ṣọ́ọ̀ṣì ń sanwó fún yẹn, mi ò bá wọn jà) ló ń bá konsáto Mozart ti 1777 (orin oboe pẹ̀lú ọ́kẹ́sírà) jìjàkadì, níbi tí oboe ti wọlé tó wá di nóòtì kan mú gbọin fún bar mẹ́rin, ojú ọmọ yẹn pọ́n, mo ní tú èémí ẹ dànù kóo tó bẹ̀rẹ̀, ó ní Mà, ṣebí ẹ ní kí n mí sínú ni.

Ó rẹ̀ mí, bẹ́ẹ̀ ni. Fèrè kọ́ ló rẹ̀ mí ṣá. Owó part-time tó ń wọlé nígbà tó bá wù ú ni.

Nígbà Hawan Sallah, ayẹyẹ ẹlẹ́ṣin ọdún Sallah, ní Zaria, mo rí bàbá kan tó ń fọn algaita, fèrè àwọn Hausa, lẹ́yìn ọba wọn, ẹ̀kẹ́ ẹ̀ wú, imú ló fi ń mí, fèrè ò dákẹ́ rárá. Ríìdì alápá méjì lòun náà fi sẹ́nu bíi tèmi. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé kí bàbá yẹn wáṣẹ́. Mo jowú ẹ̀. Àmọ́ irú wọn, ìdílé ni wọ́n ti ń jogún ẹ̀, ta ló bi í bóyá ó wù ú? Báńkì ni bàbá tèmi ti ṣiṣẹ́. Ká má sì parọ́, àwọn Àyàn tiwa tí wọ́n bí sídìí ìlù, ṣebí alágbe là ń pè wọ́n tá a bá jó tán. Torí náà... mi ò mọ̀.

Ṣùgbọ́n tí ọ́kẹ́sírà bá jókòó, tí mo fún wọn ní A, nóòtì tí wọ́n fi ń tún ohùn èlò wọn ṣe, tí gbogbo fáyólíìnì yẹn ń wá ohùn mi kiri, hmm. Ìyá Sàdíà á ní, nóòtì kan ṣoṣo náà lo tìtorí ẹ̀ wọṣọ dúdú?

Ẹ gbọ́, ọyẹ́ ń bọ̀. Igi oboe yìí, ọmọ Áfíríkà ni, Tanzania ló pọ̀ sí, ó lọ sí Yúróòpù lọ di fèrè, ó padà wálé, ọyẹ́ wá fẹ́ là á. Koríko tí wọ́n fi ń ṣe ríìdì, tó jọ ọparun, ìhà gúúsù Faransé lèyí tó dáa ti ń wá, euro sì ni wọ́n ń gbà. Tẹ́nìkan nínú yín bá ń bọ̀ láti ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kò wúwo, kò gbàyè nínú báàgì, kọ́sítọ́ọ̀mù gan-an ò ní mọ nǹkan tó jẹ́.