Bí ọwọ́ ò bá dẹ̀, ẹ má dá pinnu

Ìdílé oníkòkó ni mo ti wá, lápá Oǹdó. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kòkó á mọ̀ pé láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ọwọ́ kì í dẹ̀ rárá. Òjò ń rọ̀, èso ń jẹrà lórí igi, oògùn tí a ó fín sí i ń fẹ́ owó. Oṣù kẹsàn-án làwọn ọmọ ń wọlé, owó kòkó gidi ò sì tíì dé. Àkókò yẹn gan-an làwọn alágbàtà ń wọ abúlé. Wọ́n á ra kòkó tó ṣì wà lórí igi ní owó pọ́ọ́kú, tàbí kí wọ́n gba oko dógò fún ọdún mélòó kan.

Mo ti rí àgbà tí gbogbo abúlé ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀ tó tẹ̀ka sí irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní kò ní làákàyè. Irọ́ ni. Ẹ bi bàbá yìí kan náà ní oṣù kejìlá, tó ti ta kòkó, á ṣírò èrè àti àdánù fún yín láìṣì. Àpò rẹ̀ nìkan ló yí padà.

Lọ́dún 2013, Anandi Mani àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Àwọn àgbẹ̀ ìrèké 464 ní Tamil Nadu, ní Íńdíà, ni wọ́n fún ní ìdánwò ìrònú kí wọ́n tó kórè, nígbà tówó ń wọ́n wọn, wọ́n sì tún fún wọn lẹ́yìn ìkórè. Àgbẹ̀ kan náà, orí kan náà, ṣùgbọ́n ó ṣe dáadáa lẹ́yìn ìkórè ju ti ìṣáájú lọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àwọn baba wa ti wí.

Nítorí náà, ọjọ́ tówó bá wọlé ni kí ẹ ti pinnu lórí oṣù ọ̀wọ́n. Àjọ ni ìyá mi lò. Nígbà táwọn yòókù ń du oṣù kejìlá nítorí Kérésì, oṣù kẹsàn-án ni ìyá mi ní kí wọ́n fún àwọn ní tàwọn. Òun ni a kò fi ta kòkó orí igi tìtorí owó ilé ìwé.

Bí ọ̀wọ́n bá ká yín mọ́ láìmúra ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ wá ẹnì kan tí ọwọ́ tirẹ̀ dẹ̀ lásìkò náà, kí ó bá yín ka ìwé náà kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní pàtàkì, ẹ ṣọ́ra fáwọn ààpù tó ń yáni lówó lórí fóònù. Òru tí oorun ò kunni ni wọ́n máa ń wuni tẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ sì ni òmíràn nínú wọn á máa ránṣẹ́ ìtìjú sáwọn ojúlùmọ̀ ẹni bí gbèsè bá pẹ́.

Àìsùn, ìbínú òjijì, kéèyàn máa sá fọ́rẹ̀ẹ́: ẹ má dá gbé e mì. Ní Harare, olú ìlú Zimbabwe, láti ọdún 2006, dókítà Dixon Chibanda ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹni tí ìrònú ti bò mọ́lẹ̀. Wọ́n á gbọ́ ọ tán, wọ́n á jọ mú ìṣòro kan ṣoṣo, wọ́n á sì jọ wá ojútùú sí i. Ẹ̀yin náà, ẹ mú ẹyọ kan.

Olùkọ́ ni mí báyìí. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ bi ọmọ bóyá ó jẹun kí ẹ tó pè é lólódo.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà l'Ékòó àti lókè òkun, tó jẹ́ pé Kérésì lẹ máa ń fowó ránṣẹ́ sílé: mo bẹ̀ yín, ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù kẹjọ.