Ẹ Má Jẹ́ Kí Fóònù Tíátà Ka Síláìdì fún Yín

Ẹ̀yin àbúrò mi nídìí iṣẹ́ pathology, àwa tí a ń yẹ ẹran ara wò láti mọ àrùn,

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fẹ́ gé ẹran ara fún frozen section (ẹran tí a mú dì, tí a gé, tí a sì wò kí iṣẹ́ abẹ tó parí), fómálíìnì, oògùn tí a fi ń pa ẹran mọ́, ṣì ń kán lára rẹ̀. Mo dá a dúró, mi ò sì bá a wí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì bá yín sọ, oṣù yìí ni mo sì pé ọdún 20 lẹ́nu iṣẹ́.

Àkọ́kọ́, ẹran tútù tí kò tíì kan fómálíìnì ni kí wọ́n gbé wá láti tíátà. Ìkejì, ẹ bi oníṣẹ́ abẹ bóyá èsì yín máa yí ohun tó fẹ́ ṣe padà kó tó rán ojú abẹ. Bí kò bá ní yí i padà, kí ló ń kán an lójú? Ẹ̀kẹta, pé kí ẹ má jẹ́ kí fóònù tíátà kán yín lójú, ló ń dùn mí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá jókòó sídìí maikirosikópù nígbà yẹn, ní ilé ìwòsàn kan níhìn-ín l'Abẹ́òkúta. Iná ti lọ láti ìdájí, jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé kókó ọmú obìnrin kan dé, -11°C ni mo rí lójú cryostat, ẹ̀rọ òtútù tí a fi ń mú ẹran dì tí a sì fi ń gé e. Ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi -20, ẹran ọmú tó lọ́ràá sì ń fẹ́ òtútù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀. Mo gé e bẹ́ẹ̀. Ẹran tí kò bá tètè dì, omi inú rẹ̀ á di yìnyín, á sì ya sẹ́ẹ̀lì jẹ́gẹjẹ̀gẹ.

Ìṣẹ́jú 20 ni òṣùwọ̀n wa fún búlọ́ọ̀kù kan, ìyẹn ègé ẹran kan. Kí 15 tó pé, fóònù tíátà ti dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Ṣé jẹjẹrẹ ni àbí kì í ṣe òun? Obìnrin yìí wà lórí tábìlì o!" Lẹ́ńsì ńlá, tó ń fẹ ibi kékeré kan lójú, ni mo fi wò ó: ihò tíntìntín tí iṣan líle fún pọ̀, tí mi ò rí ìlà sẹ́ẹ̀lì kejì tó yẹ kó yí wọn ká bí kì í bá ṣe jẹjẹrẹ. Mo ní, "Jẹjẹrẹ ni." Wọ́n gé gbogbo ọmú náà.

Lọ́jọ́ kẹrin, síláìdì tí wọ́n fi ìda ṣe, ìyẹn ti ẹran tí a fi ìda mú le ká tó gé e, jáde. Sclerosing adenosis ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Ká ní mo ti fi lẹ́ńsì kékeré, tó ń fi ojú ibi tó pọ̀ hàn, wò ó ni, mi ò bá rí i pé àwọn ihò náà ṣù pọ̀ sójú kan, wọn ò ya kiri bí ti jẹjẹrẹ.

Nípàdé, ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ ní pathologist ló ṣì í. Òótọ́ ni. Kò sọ pé òun pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì sọ ìdí tí kò fi gba ẹran díẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kó tó gbé obìnrin náà wọ tíátà. Mi ò tíì gbàgbé.

Ní Mayo Clinic, ilé ìwòsàn kan l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1905, ìta ojú fèrèsé ni Louis Wilson, pathologist wọn, gbé ẹran sí kí òtútù ìta mú un dì. Àwa kò ní irú òtútù yẹn. Iná la gbójú lé. Nítorí náà, bí cryostat ò bá tíì tutù, ẹ tẹ síláìdì mọ́ ojú ibi tí ẹ gé, ẹ rì í sínú ọtí (alcohol) lójú ẹsẹ̀, ẹ pa á láró, ẹ wò ó. Bí kò bá ṣì dá yín lójú, ẹ sọ pé, "Ẹ rán ojú abẹ, ká dúró de ti ìda." Èsì nìyẹn náà. Kókó ọrùn tí wọ́n ń pè ní follicular, ti inú thyroid tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, kò tiẹ̀ ṣeé fi gígé kan tàbí méjì pinnu, nítorí ibi tó bá ti ya èèpo rẹ̀ jáde lẹ fẹ́ rí. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú.

Aláàdìrẹ ní Ìtokú ni obìnrin náà. Ó wá bá mi fúnra rẹ̀. "Dókítà, ẹ̀yin lẹ rí jẹjẹrẹ ọ̀hún?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Èmi ni mo ṣì í." Kò pariwo. Ó kó ọwọ́ méjèèjì lé àyà tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, mo sì rí aró ẹ̀lú ní èékánná rẹ̀.