Àdúrà Tí Ọmọ Mi Kò Fẹ́ Gbọ́ ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, níbi tí a ti ń ṣe Ọjọ́ Ìdúpẹ́ nílé wa ní Boston, mo dìde láti gbàdúrà sórí oúnjẹ. Mi ò tíì pe Olódùmarè tán tí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé, Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ Yorùbá lónìí, ọdún àwọn ará Amẹ́ríkà nìyí. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há sí mi lọ́fun.

Mo ti fi ata rodo, aáyù àti ata ilẹ̀ pa tòlótòló lára mọ́jú, awọ rẹ̀ pọ́n, ọ̀rá rẹ̀ sì ń ta sára páànù. Ọbẹ̀ cranberry, èso pupa kékeré kan, tó kan díẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú páì elégédé àti ohun tí wọ́n ń pè ní iṣu. Ọ̀dùnkún ni, ẹ̀yin ará mi, ọ̀dùnkún tí wọ́n da ṣúgà lé lórí! Ẹni tó bá ti rí iṣu tuntun níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè nílé yóò mọ bó ṣe rí lára mi nígbà tí mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Kò sí ọ̀dùnkún níbi àsè 1621 tí wọ́n ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ àkọ́kọ́, kò sì sí páì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó bá ọkọ̀ ojú omi Mayflower dé ní 1620 ló jẹ àsè náà ní Plymouth fún ọjọ́ 3. Èrò 102 ni wọ́n, òtútù ọdún àkọ́kọ́ sì ti pa nǹkan bí ìdajì wọn. Edward Winslow, tó wà níbẹ̀, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àwọn pa ẹyẹ, pé Massasoit, ọba àwọn Wampanoag, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, wá pẹ̀lú ọkùnrin bí 90, wọ́n sì gbé àgbọ̀nrín 5 wá. Ààrẹ Lincoln ló kéde Ọjọ́ Ìdúpẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1863.

Tisquantum, ọkùnrin Wampanoag kan, ni kò kúrò lọ́kàn mi. Òun ló kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà láti máa fi ẹja sí ìdí àgbàdo bí ajílẹ̀. Ní 1614, Gẹ̀ẹ́sì kan jí i gbé, ó lọ tà á ní Sípéènì. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì rí ọ̀nà padà ní 1619, àṣé àìsàn ti pa gbogbo ará Patuxet, ìlú rẹ̀. Kò bá ẹni tí yóò kí i kú àbọ̀. Orí ilẹ̀ Patuxet yẹn ni wọ́n tẹ Plymouth dó sí, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Láti 1970 ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń péjọ síbẹ̀ lọ́jọ́ yìí kan náà láti ṣọ̀fọ̀.

Èdè Wampanoag fúnra rẹ̀ dákẹ́ fún ohun tó lé ní 100 ọdún, títí arábìnrin Jessie Little Doe Baird fi bẹ̀rẹ̀ sí í jí i dìde ní 1993. Inú àwọn ìwé àtijọ́ ló ti wá ọ̀rọ̀ jọ, pàápàá Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ ní 1663. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ tún gbọ́ èdè náà láti ìgbà ìkókó.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, mo gbé Bíbélì Yorùbá tí ìyá mi fún mi jáde, mo ṣí Orin Dáfídì 100, mo sì ní kí ọmọ mi máa wí tẹ̀lé mi. Nígbà tó kan ọpẹ́, ó pè é ní ọ̀pẹ. Mo ní ọpẹ́ ni, ó tún un pè, ó sì bi mí pé kí wá ni ọ̀pẹ. Mo ní igi tó wà lẹ́yìn ilé ìyá àgbà rẹ̀ ni.