Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe boss nínú role-play, ẹ gbọ́ ohun tójú mi ti rí

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo ń wo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sínú role-play báyìí, eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kálukú ti ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ẹnì kan nínú ìtàn, ìkà lọ̀pọ̀ yín fẹ́ ṣe. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe ìkà lórí Discord, ìkànnì tá a ti ń kọ̀rọ̀ síra wa, mo ti ṣe oṣó, mo ti ṣe olórí jàgùdà ojú òkun, mo ti ṣe ọba tó ń ta omi fún ará ìlú ẹ̀, mo sì ba ọ̀pọ̀ ẹ̀ jẹ́ kó tó di pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tètè mọ̀, tó pẹ́ gan kí èmi tó mọ̀ ọ́n, ni pé ìkà tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yẹn kì í ṣe tiyín. Tàwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣeré ni.

Ẹ rántí bá a ṣe máa ń wo fíìmù nígbà tá a wà ní kékeré, actor wà, boss wà. Boss ló nílé ńlá, òun ló láwọn bọ́ìsì, ẹ̀rù ẹ̀ sì máa ń bà wá gan, àmọ́ torí actor ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, tí boss bá rọ̀ jù kò sẹ́ni tó máa pariwo nígbà tí actor bá borí. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa, àfi pé nínú role-play kò sẹ́ni tó kọ ìtàn sílẹ̀ fún wa. Ẹni tó ń ṣe actor níwájú yín, èèyàn ni, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ẹ̀ ní Texas tàbí ní Manila, ó ti ibi iṣẹ́ dé, wákàtí méjì péré ló ní láti fi gbádùn ara ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gba gbogbo adùn yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ jà á lólè nìyẹn.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe rèé. Ọ̀rọ̀ nìkan la fi ń ṣe eré yìí, bó ṣe wà látìgbà MUD, eré orí kọ̀ǹpútà tí Roy Trubshaw àti Richard Bartle ṣe ní yunifásítì Essex lọ́dún 1978 náà nìyẹn, ẹ máa tẹ ohun tí ẹni tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ṣe, ẹnìkejì á tẹ tiẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo tẹ̀ ẹ́ pé, "Mo fọ́ ọ létí, ó ṣubú, eyín ẹ̀ méjì fò jáde." Ta ló sọ fún mi pé ó ṣubú? Godmode ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, kéèyàn máa pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ẹlòmíì ń ṣe. Ọ̀gá tó ń darí eré wa pè mí síkọ̀ọ̀kọ̀, ó ní kí n pa á rẹ́, kí n tún un tẹ̀, kí n dúró níbi tọ́wọ́ mi bá dé. Mo wá tẹ̀ ẹ́ pé, "Mo na ọwọ́ láti fọ́ ọ létí." Mo dúró. Nígbà tó yá ọmọbìnrin tá a jọ ń ṣeré fèsì, ó ní òun di ọwọ́ náà mú kó tó balẹ̀, òun sì gbóòórùn àgbo kan lára aṣọ mi, àgbo tí wọ́n ń fún àbúrò òun mu kó tó kú. Mi ò mọ nǹkan kan nípa àbúrò kankan! Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ṣe ìtàn àbúrò yẹn, bí oṣó mi ṣe ń ta oògùn fún àwọn aláìsàn, kò sì sí bí èmi nìkan ṣe lè dá a rò.

Metagame náà ò yàtọ̀ sí i: ohun tẹ́ ẹ kà níta eré, ẹ má jẹ́ kí ìkà yín mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ yín á kọ "chaotic evil", ìyẹn ìkà tí kò ka òfin kankan sí, sórí ìwé ẹni tẹ́ ẹ̀ ń ṣe, ọ̀rọ̀ tó ti inú Dungeons & Dragons, eré role-play orí tábìlì kan, wá ni, ẹ wá rò pé iṣẹ́ ti parí, ẹ wọ ilé ọtí, ẹ pa ẹni tó ń gbọ́tí. Kí ni ìkà yín ń wá? Ẹ wo Ìjàpá. Kò sí ọmọ tó bi ìyá ẹ̀ léèrè ìdí tí Ìjàpá fi jẹ àsèje tí babaláwo sè fún Yánníbo, gbogbo wa mọ̀ pé òórùn ọbẹ̀ yẹn ni, ọ̀fun ẹ̀ ló fà á, ọ̀fun yẹn náà ló sì mú kí ikùn ẹ̀ wú. Tẹ́ ẹ bá ti rí ohun tí ìkà yín ń fẹ́ débi tí kò fi lè sùn, ẹ ti rí ibi tó máa gbà ṣubú náà.

Ọba tí mo ṣe, ọ̀dá ló pa ìyá ẹ̀ lójú ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì dá a lójú pé òun nìkan ló mọ̀ pé omi ìlú máa tán, ìdí nìyẹn tó fi ń kà á ní ife ife. Kì í pariwo. Nígbà tí opó kan wá bẹ̀ ẹ́, mi ò fa idà yọ rárá, mo ní ọba dìde fúnra ẹ̀, ó bu omi kún ife dẹ́nu, ó gbé e síwájú obìnrin náà, ó bi í pé kí lorúkọ ọmọ ẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fẹ́ atẹ́gùn sí tàdáwà yẹn kó lè gbẹ, ó wá ní, "Ife kan, iṣẹ́ ọjọ́ méjì lórí ògiri. Ṣé ọmọ ló máa wá ni àbí ìwọ?" Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn làwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í dìtẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ẹnì kan ní ìgbèkùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo aago. Aago mẹ́jọ alẹ́ àwọn ará New York, tó bá jẹ́ ìgbà òtútù wọn, aago méjì òru ni l'Ékòó. Mo ju ẹnì kan sẹ́wọ̀n ní nǹkan bí aago méjì àbọ̀, wọ́n múná lọ, bátìrì kú, mi ò padà dé títí di ọjọ́ kẹta, ẹni yẹn ò sì lè ṣeré níbòmíì torí inú ẹ̀wọ̀n mi lẹni tó ń ṣe wà. Látìgbà yẹn, kí n tó tilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni, mo ti máa fi nǹkan síbẹ̀ tó lè máa ṣe láìsí mi: ẹlẹ́wọ̀n mìíì tí wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀, wọ́dà tó ń gba rìbá, lẹ́tà kan lábẹ́ bíríkì.

Èyí tó dùn mí jù lọ rèé. Lọ́dún kejì mi, mo ní kí oṣó mi jí ọmọ ẹnì kan gbé. Lójú tèmi, ìtàn lásán ni. Ẹni náà dákẹ́, a ò rí i fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wá kọ̀wé sí mi pé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí òun rí. Mo bẹ̀ ẹ́, ó gbà, àmọ́ kò padà sínú ìtàn yẹn mọ́, mi ò sì gbàgbé. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ṣe é. Ẹ bọ́ sínú DM, níbi tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan ti lè sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ bí ara yín, kì í ṣe bí ìkà yín: "Mo ń rò ó pé kí n fi ọmọ ẹ halẹ̀ mọ́ ẹ, ṣé kò ní yọ ẹ́ lẹ́nu? Kí ni kí n má fọwọ́ kàn?" X-card tí John Stavropoulos gbé kalẹ̀ náà wúlò gan, ẹni tára ń ni á kàn tẹ X, gbogbo wa á fo ibẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Àwọn kan ní béèyàn bá béèrè, ìyàlẹ́nu ti bà jẹ́. Mi ò gbà. Ẹni tó mọ̀ pé mò ń bọ̀, ẹ̀rù tiẹ̀ tún máa ń bà á ju ẹni tí ò mọ̀ lọ.

Ní ti ọba olómi yẹn, mo ti fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ kan sẹ́yìn ìtẹ́ ẹ̀, inú orí mi ló wà, kò sẹ́ni tó mọ̀. Olè kan jí ìwé yẹn, ó kà á síta láàárín ọjà, àwọn sójà gbọ́ orúkọ ọmọ tiwọn náà níbẹ̀, ni wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ààfin fún ará ìlú. Ọwọ́ mi wà lórí kíbọ́ọ̀dù, gbólóhùn kan péré ni mo máa tẹ̀ tí ọba á ti sá lọ, àmọ́ àwọn èèyàn yìí ti fi oṣù márùn-ún wá a dé ibẹ̀. Mo fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ sínú orí mi. Mo ní ọba jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun lómi.

Opó yẹn ló jáde síwájú. Ó bu omi kún ife dẹ́nu, ó gbé e síwájú ọba, ó ṣí ìwé náà síbi tó ṣófo, ó mú kálàmù, ó ní, "Kí lorúkọ ìyá ẹ?"

Mi ò rò ó débẹ̀ rí. Òun ló tẹ̀ ẹ́.