Okùn gìtá tí mo ń wá: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Sátidé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Gìtá tọ̀kúnbọ̀ tí mo rà lọ́dún tó kọjá, èyí tó ní pickup mẹ́ta (ohun abẹ́ okùn tó ń gbé ohùn lọ sínú ẹ̀rọ amp), tó rí bíi gìtá oníná Stratocaster yẹn, mo ti gbé e jáde báyìí. Mo fẹ́ tún un ṣe kó lè ta jùjú fún mi dáadáa. Ara ẹ̀ ò bàjẹ́, ọrùn ẹ̀ gún, gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Okùn ẹ̀ ni wàhálà. Mo fi ìka ra okùn kìíní báyìí, ìka mi pọ́n, gbogbo ẹ̀ ti dógùn-ún látòkè délẹ̀. Okùn kẹrin ńkọ́, tẹ́ ẹ bá fi èékánná wọ́ ọ lábẹ́, ẹ máa gbọ́ kóró kóró níbi tí fret, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, ti jẹ ẹ́, ó ti ní kòtò kéékèèké lára. Òun ló fà á tí mo fi ń túùnù gìtá yìí láti àárọ̀ tí kò gbọ́, torí okùn tó bá ti fẹ́lẹ́ níbì kan tó nípọn níbòmíì, ohùn ẹ̀ ò lè tọ́ jálẹ̀ ọrùn gìtá láéláé.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe tọ́nà yá mi ní kálípà ẹ̀. Mo fi wọn okùn kìíní, 0.009 ínṣì. Ìkẹfà, 0.042. Ìyẹn làwa onígìtá ń pè ní "nine", tí wọ́n bá kọ 9-42 sára páálí, okùn tó fẹ́lẹ́ jù àtèyí tó nípọn jù ni wọ́n ń sọ, àwọn mẹ́rin tó kù wà láàárín wọn. Mo ti pinnu nínú ara mi pé "ten", tó nípọn díẹ̀ jù ú lọ, ni mo máa fi rọ́pò ẹ̀.

Mọ́ńdè

Mo wọ Micra lọ sí Dúgbẹ̀. Mo sọ fún ẹni tó ń tajà pé okùn gìtá oníná ni mo fẹ́ o, ten. Ó yọ ọ̀kan fún mi nínú ọ̀rá, kò sí páálí, kò sí ìwé, ó ní ten ni, pé gbogbo okùn gìtá kúkú jọra. Mo sanwó. Inú mọ́tò ni mo ti ń wò ó pé okùn yìí mà pọ́n bí idẹ o, ṣùgbọ́n mo ṣáà gbé e délé, mo so ó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn tó jáde níbẹ̀ bà mí lọ́kàn jẹ́. Okùn kìíní àtìkejì ń ké tantan, àwọn mẹ́rin tó kù ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú yàrá kejì tó ti ilẹ̀kùn. Mo yí amp sókè, kò yí padà. Mo gbé pickup sókè díẹ̀, kò yí padà.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa níbí ní Òkè-Àdó, wọ́n ti ta gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú fún ọ̀pọ̀ ọdún, Bàbá Onígìtá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Mo gbé gìtá lọ bá wọn. Mo ní, "Ẹ káalẹ́ sà, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Wọn ò tiẹ̀ ta á. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wọlé, wọ́n mú òòfà tí wọ́n yọ lára sípíkà tó ti kú jáde. Wọ́n gbé e sún mọ́ okùn kìíní, gbáà, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n gbé e sún mọ́ okùn karùn-ún, ó kàn rọra fà á báyìí, tí wọ́n sì fọwọ́ kàn án pẹ́rẹ́ ó jábọ́.

"Ọmọ mi, okùn box gìtá, gìtá tí kì í lo iná, lo so mọ́ ọn."

Wọ́n wá là á yé mi. Inú pickup, òòfà ni àti wáyà bàbà tín-ín-ín tí wọ́n wé mọ́ ọn lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Òòfà yẹn ò gbọ́ ohùn, irin tó ń gbọ̀n lókè ẹ̀ ló mọ̀. Okùn box gìtá, irin tín-ín-rín ló wà nínú ẹ̀ ṣùgbọ́n idẹ ni wọ́n wé mọ́ ọn lára bí ìgbà téèyàn wé gèlè, òòfà ò sì rí idẹ rárá, inú ẹ̀ nìkan ló ń rí, ló fi ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Okùn kìíní àtìkejì ò ní gèlè, irin pátápátá ni wọ́n, ìdí tí wọ́n fi ń pariwo lórí àwọn yòókù nìyẹn. Ti gìtá oníná, irin tí wọ́n fi nickel bò ni wọ́n ń wé mọ́ ọn. Àwọn kan wà tí wọ́n fi nickel gan-an wé, ohùn tiwọn rọ̀ díẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ stainless, ìyẹn ń dún ganranran, kì í sì í tètè dógùn-ún, àmọ́ ó máa ń jẹ fret.

Bàbá ní Àyìndé Bákàrè wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé gìtá oníná wọ inú jùjú, nǹkan bíi 1949, àtìgbà yẹn ni onígìtá jùjú ti ní láti mọ irú irin tó wà lábẹ́ ìka ẹ̀. Mo gbà á tọkàntọkàn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo fi òòfà yẹn sápò.

Fúráìdè

Kí n tó lọ ra òmíràn, mo jókòó ro ọ̀rọ̀ nine àti ten yìí dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń sọ pé "ten ló dáa" láìmọ ìdí ẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu ohùn okùn: bó ṣe gùn tó, bó ṣe wúwo tó, bí wọ́n ṣe fà á le tó. Gígùn ò yí padà lórí gìtá tèmi, ínṣì 25.5 ni láti nut (ibi tí okùn gbà kọjá lórí ọrùn gìtá) dé bridge (irin ara gìtá tí wọ́n so okùn mọ́). Tí okùn bá wá wúwo sí i, ẹ gbọ́dọ̀ fà á le sí i kó tó dé ohùn kan náà. Okùn kìíní nine ń fa gìtá bíi kílò 6. Ti ten lé ní kílò 7. Ẹ lè sọ pé kí ni kílò kan já mọ́, ẹ jẹ́ ká ro mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀: nine, bíi kílò 38. Ten, bíi kílò 47. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50! Ìwúwo yẹn ló ń fa ọrùn gìtá tọ̀sán tòru, nígbà tẹ́ ẹ ń sùn, nígbà tó wà nínú báàgì. Ẹni tí gìtá ẹ̀ bá jẹ́ irú Les Paul, tí gígùn okùn ẹ̀ jẹ́ ínṣì 24.75, okùn kan náà á rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ díẹ̀ ju tèmi lọ.

Kí ló wá dé tí mo ṣì fẹ́ ten? Ọwọ́ mi wúwo. Tí mo bá ń ta rhythm jùjú, tí mo bá fọwọ́ gbá nine báyìí, ohùn ẹ̀ máa ń fò sókè kó tó padà sáyè ẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ bíi pé gìtá ò wọ túùnù. Jùjú sì fẹ́ kí ohùn mọ́ gaara, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ ò ní fi ariwo bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń ta blues, tó máa ń ti okùn sókè gidi, nine á sàn fún un, kò ní fọ́ ọ nínìíka. Èmi kì í ti okùn púpọ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e

Dúgbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣọ́ọ̀bù míì. Èyí ní páálí, wọ́n kọ nickel plated steel sára ẹ̀, 10-46. Mo tọrọ ààyè kí n tó sanwó, mo fi òòfà kan okùn kẹfà, gbáà. Mo sanwó kíá.

Mo ń so ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dé okùn kẹrin, mo rí i pé bridge ti ń dìde lẹ́yìn bí ìdérí ìkòkò tí omi ń hó lábẹ́ ẹ̀. Sípíríǹgì mẹ́ta ló wà lẹ́yìn gìtá tó ń fa bridge sẹ́yìn, nine ni wọ́n ti ń bá fà á látọjọ́ yìí, ten ti borí wọn. Mo túùnù okùn kẹfà, ìkìíní á lọ sílẹ̀, mo túùnù ìkìíní, ìkẹfà á lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mi ò kì í lo apá tí wọ́n fi ń mi bridge yẹn, kò wúlò fún jùjú tèmi, mo ní ẹ jẹ́ n tì í pa. Mo lọ sí Bódìjà níbi tí wọ́n ti ń ta pákó, káfíńtà kan gé ìrókò kékeré kan fún mi, kò ju ìka ọwọ́ méjì lọ. Mo dé skúrù tó di sípíríǹgì mú sínú títí bridge fi sùn pẹ̀lẹ́bẹ́ lórí gìtá, mo wá fi igi yẹn sáàárín irin abẹ́ bridge àti ògiri ihò ẹ̀yìn, lápá ìdí gìtá. Ó há pinpin. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Okùn kan ìbáà já lójú agbo báyìí, àwọn márùn-ún tó kù á dúró síbi tí mo fi wọ́n sí, mo sì lè bá orin lọ.

Nut ló kàn. Ojú ihò ẹ̀, nine ni wọ́n là á fún, okùn kẹta ń há síbẹ̀, tí mo bá ń fà á ó máa ń dákẹ́, ó dákẹ́, ó wá fò lójijì, tíín! Mo ká sáńpépà tó kúnná wẹ́wẹ́, mo rọra fi gbòòrò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ẹ̀, mo wá fi ẹnu pẹ́ńsù kun inú ẹ̀ dúdú. Ó ń yọ̀ báyìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wo fret kejìlá. Ẹ fọwọ́ kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀ kẹ́ ẹ ta á, lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Tí títẹ̀ bá ga ju, ẹ ti ìjókòó okùn yẹn sẹ́yìn lórí bridge, tó bá relẹ̀, ẹ fà á wá síwájú. Fóònù ni mo fi ń wò ó. Ó gbà mí ní wákàtí méjì, mi ò kábàámọ̀ ìṣẹ́jú kan níbẹ̀.

Mo ti ń fi àkísà ańkárá nu okùn ní gbogbo ìgbà tí mo bá ta á tán, òkè àti abẹ́, torí òógùn wa níbí ò fi irin sílẹ̀, pàápàá lásìkò òjò. Àwọn okùn tí wọ́n fi nǹkan bò wà, wọ́n ń pẹ́ gan-an, owó wọn ni mi ò tíì ní.

Alẹ́ àná

Nǹkan kan ṣì kù. Okùn kẹta ń pariwo ju àwọn yòókù lọ. Kì í ṣe ti idẹ mọ́, gbogbo ẹ̀ ti di irin. Bàbá ló tún fi hàn mí. Wọ́n ní kí n wo àwọn òòfà orí pickup, wọn ò ga dọ́gba, ti abẹ́ okùn kẹta ga. Ọdún 1954 ni Stratocaster jáde, okùn kẹta tí gbogbo ayé ń lò nígbà yẹn, wíwé ni, wíwé kì í sì í ké tó aláìwé, ni wọ́n ṣe gbé òòfà ẹ̀ sókè. Ní 1962 ni Ernie Ball bẹ̀rẹ̀ sí í ta Slinky ní Amẹ́ríkà, okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, okùn kẹta aláìwé, àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ torí ó rọrùn láti tì sókè. Okùn yí padà, ọ̀pọ̀ pickup ò yí padà, tèmi yìí wà lára wọn.

Mo bẹ ẹnì kan tó ń bọ̀ láti Èkó kó bá mi ra okùn kẹta wíwé ẹyọ kan, 0.018. Mo ti ṣírò ẹ̀: bó ṣe ń fa gìtá ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí 0.017 aláìwé tó wà níbẹ̀, ọrùn ò ní mọ̀. Àná ló dé. Mo so ó, mo fa ìjókòó ẹ̀ wá síwájú torí wíwé ò fẹ́ kó jìnnà sẹ́yìn bíi ti aláìwé. Mi ò lè tì í sókè mọ́, ó le lábẹ́ ìka, ìyẹn ni mo pàdánù. Ṣùgbọ́n mo ta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sílẹ̀ lọ sókè, wọ́n tò tẹ̀ léra bí ọmọ ìyá.

Mo gbé e lọ fún Bàbá lálẹ́. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ta okùn kẹta nìkan, wọ́n tún un ta, wọ́n fi etí sí i títí tó fi kú tán. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n lọ gbé àga wá.