Kí ẹ tó ra DAC, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ń dákẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ sáùǹdù bíi tèmi, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó náwó lórí DAC mìíràn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà di ohùn tí sípíkà lè gbé jáde. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ báyìí.

Ìsìn ìdúpẹ́ òkú àgbà ni wọ́n pè mí sí n'Íbàdàn. Àwọn ọmọ olóògbé fún mi ní ohùn kan tí wọ́n fi fóònù gbà sílẹ̀ nígbà tí màmá ṣì wà láyé: màmá ń ki àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ohùn àgbà ni, kò lọ sókè rárá, ẹni tó gbà á sílẹ̀ sì jìnnà sí i díẹ̀. Mo fi íápíìsì gbọ́ ọ látorí fóònù nílé, gbogbo rẹ̀ já geere. DAC tí mo gbé lọ, tuntun ni. Wọ́n kọ 32-bit, 384 kHz gàdàgbà sára páálí rẹ̀: bit ni bí wọ́n ṣe ń wọn ohùn fínnífínní tó, kHz sì ni iye ẹgbẹ̀rún ìgbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Wọ́n ní kí gbogbo èrò dákẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí láptọ̀ọ̀pù tí mo so DAC mọ́. Kí màmá tó la ẹnu, "hùùùù" ló kọ́kọ́ ti inú sípíkà jáde, òmíràn tún ń ta ṣíṣíṣí lókè rẹ̀ bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná. Abẹ́ ariwo yẹn ni ohùn màmá wà. Mo gbé e sókè kí wọ́n lè gbọ́, ariwo náà bá a gòkè. Mo fi mísà gé ìsàlẹ̀ ohùn kúrò, ohùn màmá wá di tín-ín-rín, ṣíṣíṣí yẹn ò sì lọ. Àbígbẹ̀yìn ti dìde níwájú, ó dorí kodò, ó ń wá "Àjàní" tí ìyá rẹ̀ ń pè é nínú ariwo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin rìn wá bá mi nídìí mísà, ó rọra ní, "Bùọ̀dá, ẹ bá wa pa á." Mo pa á. Kò bínú sí mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé wáyà ni o. Mo ti yẹ gbogbo wáyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìsìn ni mo yọ ṣájà láptọ̀ọ̀pù, hùù yẹn sì dá lẹ́ẹ̀kan náà. Láptọ̀ọ̀pù ń gba iná lójú kan, mísà ń gba tirẹ̀ lójú kejì, wáyà USB àti wáyà sáùǹdù wá so àwọn méjèèjì pọ̀. Earth, wáyà iná tó lọ sílẹ̀, ti yí po nìyẹn, iná 50 Hz látara jẹnẹrétọ̀ sì rí ọ̀nà gbà. DAC yẹn ò ní ohun tó lè dí i. Iná volt 5 tó ń jáde látara USB ló ń jẹ, ìdọ̀tí inú iná yẹn náà ló ń kó bọ́ sínú ohùn.

Ìdákẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò lára DAC. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí tàn yín. Láti 1982 tí CD ti jáde, 16-bit àti 44.1 kHz ló ń lò, ìyẹn sì gba gbogbo ohun tí etí èèyàn lè gbọ́, torí 44.1 kHz lè gbé ohùn tó ga dé nǹkan bí ìdajì rẹ̀, etí ọmọdé pàápàá kì í sì í kọjá nǹkan bíi 20 kHz. Lórí ìwé, 24-bit lè fún wa ní 144 dB (ìwọ̀n agbára ohùn) láàárín ohùn tó ga jù àti ariwo abẹ́lẹ̀. DAC gidi tó bá dé 120 dB ti ṣe gudugudu méje. Kí wá ni 32 fẹ́ fi ṣe? Iye dB yẹn ni kí ẹ bèèrè.

Clock, ìyẹn aago tó ń darí àsìkò ohùn nínú DAC, náà ṣe pàtàkì: èyí tí USB rẹ̀ bá jẹ́ asynchronous, clock tirẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ń jà lórí chip, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ yíyí ohùn nínú DAC: ti iléeṣẹ́ ESS ni àbí ti AKM. Nígbà tí iléeṣẹ́ AKM jóná ní Nobeoka ní Japan lóṣù kẹwàá 2020, àwọn tó ń ṣe DAC sáré yí chip padà, ohùn rere ò sì tán láyé. Chip kan náà lè wà nínú àpótí méjì, kí ọ̀kan dákẹ́ rọ́rọ́, kí èkejì máa kùn, torí iná tí wọ́n fi ń bọ́ ọ.

Ẹ wá balanced output. Wáyà méjì ló ń gbé ohùn, ọ̀kan dojú kọ èkejì. Ariwo tó bá kó sí méjèèjì bákan náà, mísà á pa á rẹ́. Ìyẹn náà, ọ̀rọ̀ ìdákẹ́ ṣì ni. Tokunbo ni mo ti wá rà báyìí, ó ní balanced, ó ní páwà tirẹ̀. Mo gbé e lọ sílé àwọn ọmọ màmá, wọ́n sì gbọ́ ọ.

Tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé láptọ̀ọ̀pù yín dání, kí ṣájà wà lójú iná, kí sípíkà náà wà lójú iná tirẹ̀. Ẹ má tẹ orin kankan. Ẹ gbé fọ́líọ̀mù sókè, ẹ máa yí máòsì, kí ẹ ṣí fáìlì tó tóbi. Tó bá ń kùn tàbí tó ń ta ṣíṣí, ẹ dá a padà. Tí òǹtajà bá ní kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ orin, ẹ sọ fún un pé ẹ ó gbọ́ orin nílé.